Ẹni Tó Gba Yàrá Kékeré ní Ọjọ́bọ̀

Kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa pé orí kọ̀ǹpútà la ó ti máa gba yàrá, ẹnìkan ti gba ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Èmi ni akọ̀wé ìjọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń jókòó sí ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn, tí mo ń fi bírò àti ìwé ńlá kan pín yàrá fún àwọn ẹgbẹ́. Yàrá méje la ní, ìjà tó sì wà nídìí yàrá méje yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá á ní àwọn làwọn kọ́kọ́ sọ, àwọn akọrin á ní àwọn ò gbọ́, kí n sì tó dé láti yanjú ẹ̀, àwọn olùkọ́ ọmọdé á ti kó àga lọ. Nígbà tó sú Pásítọ̀, ó ní kí díákónì kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa wá gbé ètò kan kalẹ̀ fún mi. Díákónì yìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Díákónì Kíákíá ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ètò náà ń tọpinpin bí ìyá ọkọ. Kí lorúkọ yàrá? Èèyàn mélòó ló lè gbà? Àga mélòó ló wà níbẹ̀? Aago wo la ń ṣí i, aago wo la ń tì í? Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, torí náà mo dìde, mo fẹsẹ̀ rìn wọ gbogbo yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka àga. Mo tan iná, mo pa á. Mo wo fèrèsé tó ń tì àti èyí tí kì í tì.

Yàrá Kékeré ni mo fi kẹ́yìn. Òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, lẹ́yìn ibi tí àwọn akọrin ń kó aṣọ wọn sí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ló sì kọjú sí. Àga onígi méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n sún mọ́ra débi pé orúnkún ẹni tó bá jókòó sí ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹnì kejì. Yàrá náà tutù ju àwọn yòókù lọ. Òórùn aṣọ tí òjò pa ń jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹta rèé tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sínú bébà ọwọ́ mi: àga méjì, èèyàn méjì, iná kan, kọ́kọ́rọ́ ò ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà nípa yàrá yìí tí mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí. Baba Olùtọ́jú, tó ń gbálẹ̀ ilé ìjọsìn láti ìgbà tí èmi ti wà lọ́mọdé, ló máa ń fi rúlà la ìwé ńlá wa lọ́dọọdún kó tó gbé e fún mi. Ní gbogbo ojú ewé ló máa ń fa ìlà dúdú kan tó nípọn la Yàrá Kékeré kọjá ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé wákàtí tó fi ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ni. Nígbà tí orúnkún dá Baba jókòó sílé ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi náà ń fa ìlà náà lọ bí mo ṣe bá a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń gbé yàrá sínú kọ̀ǹpútà, mo rò ó pé àárọ̀ ni ẹni tó rọ́pò Baba ń gbálẹ̀ tiẹ̀. Kí ló dé tí wákàtí kan á fi máa ṣòfò? Mo ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ètò náà tún béèrè ibi tí wọ́n lè gbé èèyàn lọ bí yàrá bá di. Kò jẹ́ kí n kọjá láìkọ nǹkan síbẹ̀. Ebi ti ń pa mí, inú sì ti ń bí mi, ni mo bá kọ pálọ̀ ilé mi sí i, àdírẹ́sì àti gbogbo ẹ̀. Mo ní tó bá dọ̀la màá yí i padà.

Bí mo ṣe tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ pé mo ti parí, ìlà àwọ̀ ewé kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Yàrá Kékeré. Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹnìkan. Níbi orúkọ, òfìfo ni.

Mo pe Díákónì Kíákíá lórí fóònù. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ètò náà kì í gba ẹni tí kò bá kọ orúkọ, pé bóyá ọwọ́ mi ló ṣèèṣì kan nǹkan. Mo pa á rẹ́. Mo mu omi, mo padà dé, mo bá a níbẹ̀. Mo tún pa á rẹ́. Nígbà tó yọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti fi kún un pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn akọrin wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ń wá ibi tí òun ti lè kọ́ àwọn akọrin tuntun méjì lórin, Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́rin nìkan ló sì rọrùn fún wọn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí Yàrá Kékeré, ètò náà ní ẹnìkan ti wà níbẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun gbé ẹni náà lọ síbòmíràn. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ẹni náà ti ń lọ sí pálọ̀ ilé mi. Èmi àti ọ̀gá akọrin rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí ẹni náà má gbàgbé láti mú ẹ̀bùn dání.

Èmi àti ìyá mi là ń gbé. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ojú wọn ti ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan ni wọ́n ń rí. Bí mo bá lọ síbi iṣẹ́, aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ló máa ń yọjú sí wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo délé ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀. Màmá wà lórí àga wọn. Wọ́n ti fa àga mìíràn síwájú ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fa nǹkan.

“Àlejò rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni,” wọ́n ní. “Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn jókòó.”

Mo bi wọ́n pé àlejò wo. Wọ́n ní obìnrin ni, ọmọdébìnrin, torí pé ó ń mí bí ọmọdé. Mo lọ bá aránṣọ. Ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni kó wọlé, àti pé ẹnu ọ̀nà lòun jókòó sí pẹ̀lú máṣíìnì òun láti aago mẹ́ta. Ó ní òun gbọ́ tí Màmá ń sọ̀rọ̀, òun sì rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Mo padà wọlé. Mo fi ọwọ́ kan ìjókòó àga tó kọjú sí Màmá, ó tutù, ó sì rin. Òórùn aṣọ tí òjò pa ti gba pálọ̀ mi.

Ara fu mí, ṣùgbọ́n mo gbé e kúrò lọ́kàn. Mo ní àgbàlagbà ni, bóyá omi ló dà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá akọrin wá kí mi pé Yàrá Kékeré dára gan-an. Ó ní òun ti máa ń gbọ́ pé ibẹ̀ tutù, pé irọ́ ni, ó móoru dáadáa.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Pásítọ̀, mo kúrò ní ọ́fíìsì ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, níbi tí mo ti lè rí pálọ̀. Aago ara ògiri lu mẹ́rin. Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Màmá kàn gbé ojú sókè, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀,” wọ́n sì sún ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó ń fún ẹlòmíràn láyè.

Tìmùtìmù àga tó kọjú sí wọn jìn wọlé díẹ̀díẹ̀. Orí mi wú. Omi kan kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òmíràn tún kán. Màmá ń rọra béèrè nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kejì, ohùn tó rẹlẹ̀, ohùn ẹni tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọjọ́ pípẹ́.

“Wọ́n ní kí n retí àwọn.”

Màmá na ọwọ́ síwájú, wọ́n tún fà á padà. Nígbà tí aago lu márùn-ún ni tìmùtìmù náà tó ga padà. Kí n má parọ́, mi ò lè jáde lọ bá wọn. Ẹ̀rù bà mí fún ara mi, lẹ́yìn náà ló tó bà mí fún ìyá mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Baba Olùtọ́jú nílé ọmọ rẹ̀, òpópónà kẹta sí tiwa. Ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń gbọ́ rédíò. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kọ̀ǹpútà títí dé orí tìmùtìmù. Ó pa rédíò.

“Ìlà tí mo ń fà yẹn kì í ṣe òfìfo, Akọ̀wé,” ó ní. “Ẹnìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mi ò mọ̀ tí mi ò fi kọ ọ́.”

Ó ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta sẹ́yìn ni, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Nígbà tí òun ń ti ilẹ̀kùn kiri ní ìrọ̀lẹ́, òun bá ọmọdébìnrin kan ní Yàrá Kékeré, ó jókòó gbọọrọ, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, aṣọ ara rẹ̀ ń kán tótó. Òun kí i, kò dáhùn. Òun fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó ti kú. Ìjọ béèrè lórí pẹpẹ lọ́sẹ̀ mẹ́ta pé ta ló gbà á lálejò, ta ló fi í jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n sin ín. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́rin, òun ń nu fèrèsé yàrá náà nígbà tí ẹnìkan béèrè lẹ́yìn òun bóyá wọ́n ti ń bọ̀. Òun dáhùn pé wọ́n ń bọ̀, torí pé òun ò mọ ohun mìíràn tí òun lè sọ. Láti ọjọ́ náà lòun ti fi wákàtí yẹn sílẹ̀ fún un.

“Ẹni tó ń retí èèyàn, a kì í gba àga lábẹ́ rẹ̀,” Baba ní. “Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n àga kejì yẹn, ti ẹni tí ọmọ náà ń retí ni. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i, kó wá sọ fún un pé òun dé.”

Mo bi í pé bí ẹnìkan bá sọ ọ́ ńkọ́. Ó ní òun ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Mo gba ọ́fíìsì lọ, mi ò tilẹ̀ jókòó. Mo yọ ọ̀gá akọrin kúrò, mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, mo gbé ẹni tí kò lórúkọ padà sí Yàrá Kékeré, mo sì pa pálọ̀ mi rẹ́ kúrò nínú ètò náà pátápátá. Kọ̀ǹpútà gbà láìjanpata. Ara tù mí. Nígbà tí mo délé, tí a jẹun tán, mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àlejò yẹn ò ní wá mọ́.

Wọ́n gbé ife tí wọ́n mú dání sílẹ̀.

“O ò ṣe é dáadáa,” wọ́n ní. “Èmi ni ọmọbìnrin yẹn ń retí.”

Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ lọ, ohùn wọn ò yẹ̀. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ tó ń gba àlejò ní ìjọ nígbà náà. Ọmọdébìnrin náà sáré wọlé láti inú òjò, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ọkọ rẹ̀ lé e jáde, ó sì ń wá àgbà kan tó máa bá òun lọ bẹ àwọn òbí òun kí wọ́n gba òun padà. Àyà ń dùn ún, ó ń mí gule gule. Màmá fi í jókòó sí Yàrá Kékeré, wọ́n ní, “Jókòó síbí, mò ń bọ̀ báyìí,” wọ́n sì jáde lọ wá aṣọ gbígbẹ tí wọ́n máa fi nù ún lára. Ẹnu géètì ni aládùúgbò wa ti pàdé wọn. Ó ní gìrì ti mú ọmọ wọn nílé.

Èmi ni ọmọ náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí.

“Mo gbé ọ sáré dé ọsibítù,” Màmá ní. “Mi ò rántí pé ẹnìkan wà láyé lẹ́yìn rẹ. Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí rẹ̀, wọ́n ti gbé e jáde nígbà yẹn. Wọ́n béèrè lórí pẹpẹ, mo wà lórí ìjókòó kẹta, mo dákẹ́.”

Ìgbà tí mo rí ìyá mi sunkún kẹ́yìn, ọjọ́ tí bàbá mi kú ni. Mo dì mọ́ wọn. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi wọn, bí wọ́n bá dúró ti ọmọdébìnrin yẹn ni, bóyá èmi ni wọn ì bá sin. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ohun tó ń dun àwọn jù nìyẹn, pé bí wọ́n bá tún un ṣe, ọ̀dọ̀ mi náà làwọn máa sá wá.

Ọjọ́bọ̀ kẹta dé. Àlejò ò wá. Màmá ti wọṣọ láti aago mẹ́ta, wọ́n da gèlè, wọ́n kọjú sí àga tó ṣófo náà. Nígbà tí aago lu márùn-ún, omijé bọ́ lójú wọn, wọn ò pariwo. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Omi ni mo ń rọ̀ wọ́n mu. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, egungun ọrùn wọn ti yọ síta, mo sì rí i pé bí mo bá ń dènà ikú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba fèrèsé wọlé.

Mo sọ fún wọn ohun tí Baba Olùtọ́jú sọ. Mo ní mi ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá jókòó sí àga kejì yẹn.

“Èmi náà ò mọ̀,” Màmá ní. “Ṣùgbọ́n mo ti fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. O ti wá jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ikú ni mo ń wá, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni.”

Mo ronú títí. Ṣé kí n máa wò wọ́n níṣojú mi kí wọ́n máa gbẹ lọ ni? Mo gbà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, wọ́n ní kí n bá àwọn mú táwẹ́lì tó mọ́ dání. Mo gba ọkọ̀ dé géètì, mo di apá wọn mú, a rọra rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà débi tó parí sí. Oòrùn ń ràn níta, àwọn olùkọ́ ọmọdé ń to ìwé ní yàrá kejì, ẹnìkan ń súfèé. Òórùn aṣọ tútù ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ bá wọn wọlé, wọ́n yọ apá wọn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn jáde kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn nìkan làwọn jáde. Wọ́n fi ọwọ́ wá ibi tí wọ́n ń dì mú lára ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé, wọ́n tì í lẹ́yìn ara wọn.

Mo gbé etí mi lé ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ lọ. Mo gbọ́ tí àga dún kẹ̀rẹ́.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi,” ìyá mi ní. “Mo pẹ́. Mo dé.”

Ẹkún ló tẹ̀ lé e, ẹkún ẹni méjì, ọ̀kan gbó, ọ̀kan ò gbó. Lẹ́yìn náà wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó rẹlẹ̀ púpọ̀, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà kò sí ohùn kankan mọ́. Mo kanlẹ̀kùn. Mo pè wọ́n. Mo tì í, kò ṣí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ètò náà.

Ní aago márùn-ún géérégé, ó ṣí. Màmá jáde. Táwẹ́lì wà léjìká wọn, ó rin gbindin. Wọn ò wá ògiri mú. Ojú wọn tó ti ṣókùnkùn láti ọdún mẹ́fà wò mí tààrà, ó wo bàtà mi, ó wo báàgì ọwọ́ mi, ó padà wo ojú mi. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ti la ẹnu láti kígbe pé Olúwa ṣeun.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà láti ọdún mẹ́wàá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú èmi ọmọ tí wọ́n bí, ó sì tẹ orí ba.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà,” ó ní. “Ẹ ṣeun o. Wọ́n ti dé. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn á jókòó dípò mi.”

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yá. Mo wo inú yàrá. Kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀. Àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn ti gbẹ. Èkejì ni omi ti ń kán báyìí.

Gbogbo ìjọ ló gbọ́ pé ojú Màmá Akọ̀wé là. Pásítọ̀ sọ ọ́ lórí pẹpẹ, wọ́n kọrin, wọ́n gbé wọn síwájú kí àwọn èèyàn rí wọn. Díákónì Kíákíá sọ fún mi pé bóyá ká máa kọ ọ́ sínú ètò náà pé Yàrá Kékeré ni ti àdúrà ìwòsàn. Mo ní kó má dán an wò. Aránṣọ ń yọ̀ pé ara Màmá ti yá débi pé wọ́n ti ń jí gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òótọ́ ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń jẹun dáadáa. Kò mọ ilé àwọn òbí rẹ̀ mọ́, òpópónà náà ti yí padà, torí náà ọ̀dọ̀ mi ló wà. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, tó ń pè mí ní mà pẹ̀lú ẹnu ìyá mi. Mi ò lè bínú sí i. Kò ṣẹ̀ mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí ó bá ti ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, mo máa ń ti ọ́fíìsì, mo máa ń lọ sí Yàrá Kékeré. Mo ń sọ fún ìyá mi bí ọ̀sẹ̀ ṣe lọ. Wọ́n máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Àga kan ló ṣófo níbẹ̀, ó kọjú sí tiwọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó sí i, tí mo sì sọ pé mo dé, wọ́n á lè dìde bí ẹni yẹn ṣe dìde. Àwọn náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sún mọ́ àga yẹn ni mo máa ń gbọ́ ohùn wọn pé, “Má jókòó o, ọmọ mi.”

Mi ò tíì jókòó. Odindi wákàtí kan ni mo fi máa ń wà lórí ẹsẹ̀ níwájú wọn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, ẹsẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.